Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Tí Clement Ní Kí Wọ́n Máa Fi Ìdí Gbá

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ẹkún ti pọ̀ jù nínú ìtàn tí à ń kọ sójú ewé yìí, ẹ gba tòní. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí ti fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn ún, ó ní èyí tó kù, kí n bá òun pín in. Mo bi í pé ṣé kí n yí orúkọ rẹ̀ padà ni.

Ó ní, "Nítorí kí ni? Ta ni kò mọ̀ mí ní Festac? Kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà: Clement Fáṣínà. Kí ẹni tó bá tún fẹ́ ya òmùgọ̀ ládùúgbò yìí mọ̀ pé ipò kìíní ti ní ẹni tó wà níbẹ̀."

Ó dáa. Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Lọ́dún 1978, nígbà tí ọ̀dà ara ilé Festac ṣì ń rùn, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń kó wọlé níkọ̀ọ̀kan, Clement ra píkọ́ọ̀pù tuntun ní kọ́ńpìnnì kan ní Àpápá. Akọ̀wé ìjọba ni, kì í ṣe mẹkáníìkì. Ohun tó mọ̀ lára ọkọ̀ kò ju ihò tí wọ́n ń da epo sí lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu ń bẹ! Tí ọkọ̀ kan bá ń wúkọ́ kọjá, Clement á dẹ etí, á mi orí, á ní, "Kábúrétọ̀ ni." Tó bá jẹ́ kábúrétọ̀ lóòótọ́, ẹnu á ya gbogbo èèyàn. Tí kì í bá ṣe òun, ọlọ́kọ̀ ti lọ, ta ló fẹ́ padà wá jiyàn?

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ọ̀gá. Kò sí ẹni tó fẹ́ ra ohun tó ń yí táyà ládùúgbò tí kò ní kọ́kọ́ wá bi Clement.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Owólabí, tí ilé wọn kọjú síra, tó máa ń pín ẹyin fún àwọn ṣọ́ọ̀bù, ló kọ́kọ́ gbọ́ràn sí i lẹ́nu, ló bá ra píkọ́ọ̀pù kan náà. Alàájì Mùsúdù ló tẹ̀ lé e. Ará Ìṣẹ́yìn ni Alàájì, ó ń ta mílíìkì àti ṣúgà ní Àgbóòjú. Ògbólógbòó lọ́rì kan ló fẹ́ rà tẹ́lẹ̀.

Clement ní, "Lọ́rì kẹ̀! Alàájì, ẹ má fìyà jẹ ara yín o. Píkọ́ọ̀pù tiwa yìí, tí ẹ bá gbé e kọlu ògiri, ògiri ló máa tọrọ àforíjì."

Alàájì rẹ́rìn-ín, ó rà á. Clement fúnra rẹ̀ ló mú àwọn méjèèjì lọ sí kọ́ńpìnnì, tó ń rìn níwájú wọn bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Òun náà ló ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ nǹkan kan náà sára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn, ilẹ̀kùn irin tí wọ́n ń já sílẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ di ẹrù. Wọ́n kọ ọ́ ní lẹ́tà pupa: FỌKÀN BALẸ̀.

Lọ́jọ́ kan, Clement lọ ra bẹ́líìtì ọkọ̀ ní kọ́ńpìnnì ọ̀hún. Ọ̀gbẹ́ni Adébánjí, tó ń bójú tó àwọn oníbàárà, rí i, ó dìde.

"Ọ̀gbẹ́ni Fáṣínà, Ọlọ́run ló rán yín wá. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ yìí lókè òkun ti ránṣẹ́ sí wa. Ìkọ́ tó ń há ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, èyí tó wà lára àwọn ọkọ̀ tó bá tiyín wá, kò dáa. Ó máa ń là láti inú, ojú kò lè rí i. Ọjọ́ tó bá já, ilẹ̀kùn á kàn ṣí wàà, ohun tó bá fara tì í á bá a lọ."

Clement ní, "Háà."

"Wọ́n ní ká pe gbogbo wọn padà. A máa pààrọ̀ rẹ̀, ẹ ò ní san nǹkan kan. Ìkọ́ tuntun ṣì wà lójú omi, kò ní pẹ́ dé. Kó tó dé, kí ẹnikẹ́ni má jókòó ti ilẹ̀kùn yẹn o. Kí ẹ sì máa fi sùúrù tì í. Tí wọ́n bá ń gbá a mọ́ ara, ńṣe ló ń tètè là."

"Mo gbọ́."

"Àwọn ọ̀rẹ́ yín méjì ọjọ́sí ló wá kù. A rán òṣìṣẹ́ wa wá sí Festac, ó rìn títí, gbogbo ilé jọra lójú rẹ̀, ó padà. Ẹ̀yin lẹ mú wọn wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ fún wọn."

Clement ní, "Ẹ ti sọ ọ́ tán."

"Ṣé kí n gbà pé wọ́n ti gbọ́?"

"Ẹ gbà pé wọ́n ti gbọ́."

Ó fẹ́ sọ ọ́ o. Ó búra fún mi pé òun fẹ́ sọ ọ́. Láti Àpápá títí dé Mile Two ló ń tún un sọ lẹ́nu: "Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìkọ́ kan báyìí ló ní àléébù." Ṣùgbọ́n bó ṣe ń tún un sọ ló ń dún burúkú létí ara rẹ̀. Ó ń rántí ògiri tó máa tọrọ àforíjì. Ó ń rí ojú Alàájì.

Ìgbà tó máa dé ilé, àwọn ọkùnrin àdúgbò ti pé jọ sábẹ́ igi. Owólabí na ọwọ́ sí i látòkèèrè.

"Alága! Alága ń bọ̀!"

Àṣé wọ́n ti fẹnu kò pé lọ́jọ́ Sátidé, Clement làwọn máa fi ṣe alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò. Ìdí tí wọ́n fi mú un kò ju ọ̀kan lọ: wọ́n ní ẹni tó mọ ọkọ̀ tó báyìí, á mọ èèyàn.

Ọ̀rọ̀ ìkọ́ já bọ́ lẹ́nu Clement, ó gbé e mì. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, "Tó bá di lẹ́yìn Sátidé, màá sọ."

Sátidé pé, ó jẹ alága. Ó dìde sọ̀rọ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, orí rẹ̀ wú. Inú ọ̀rọ̀ yẹn ló ti là á mọ́lẹ̀ pé kò sí ọkọ̀ tó lè ya òun sílẹ̀ lójú títì, àfi tí òun bá dìídì fún un láyè. Owólabí ní, "Ọjọ́ kan á jọ́kan!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ṣé irú àárín ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lèèyàn ti ń sọ̀rọ̀ ìkọ́? Lọ́jọ́ kejì ńkọ́? Ọjọ́ Ìsinmi ni, Clement ní òun kò fẹ́ ba ọjọ́ Olúwa jẹ́. Ẹ wo olùfọkànsìn!

Láàárín ọ̀sẹ̀, Alàájì Mùsúdù wọlé tọ̀ ọ́ wá, aṣọ rẹ̀ rin fún òógùn.

"Clement, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí ṣí fúnra rẹ̀ ní Àgbóòjú o. Mílíìkì mi dà sójú títì. Àwọn èèyàn ń bá mi ṣà á, wọ́n ń ṣà á lọ sílé wọn. Kí lo rí sí i?"

Ilẹ̀kùn Ọlọ́run rèé ló ṣí sílẹ̀ fún Clement yìí. Kó sáà ti sọ pé, "Alàájì, kọ́ńpìnnì ní kí n sọ fún yín." Ó tán. Ẹ ò rí i pé kò le?

Ẹnu la, ohun tó jáde níbẹ̀ ni, "Alàájì, báwo lẹ ṣe máa ń tì í?"

"Ọwọ́ ni mo fi ń tì í."

"Ahá! Ọwọ́! Mo ti mọ̀. Ọkọ̀ òyìnbó lẹ̀ ń fi ọwọ́ jẹ́lẹ́ bá ṣeré. Ẹ máa bọ̀."

Ó mú Alàájì jáde, ó pe Owólabí náà pé kó wá kọ́gbọ́n. Ó kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn ọkọ̀ Alàájì, ó tẹ orúnkún, ó ju ìdí sẹ́yìn. Gbà!

"Ìdí lẹ fi ń gbá a," ni alága wí. "Tí kò bá dún gbà, kò tíì tì."

Láti ọjọ́ yẹn, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ládùúgbò ni gbà! gbà! Alàájì ń gbá tiẹ̀, Owólabí tó sanra ń gbá tiẹ̀ bí ẹni tó ń jà. Folúkẹ́, ìyàwó Clement, tí oyún ti wọ̀ ọ́ lára, á ní, "Bàbá Ọláídé, kí làwọn èèyàn yìí ń fi ìdí lù káàkiri?" Clement á ní, "Ẹ̀kọ́ ni mo kọ́ wọn." Ṣùgbọ́n gbogbo gbà tó bá dún ló ń gún un láyà, nítorí ó rántí ohun tí Adébánjí sọ nípa gbígbá. Kò gbá tiẹ̀ o! Ọwọ́ méjèèjì ló fi ń rọra ti tiẹ̀ nígbà tí ẹnì kankan kò bá wò ó.

Mo sọ fún un pé ìwà ìkà gbáà nìyẹn. Ó ní, "Má wulẹ̀ bù ú kù. Ìdí àwọn ọ̀rẹ́ mi ni mo fi ń ba ọkọ̀ wọn jẹ́."

Kò pẹ́ ni Folúkẹ́ bí ọmọkùnrin làǹtìlanti. Ayọ̀ wọlé. Ẹ kúkú mọ̀ pé bí obìnrin bá bímọ, ìyá rẹ̀ ló ń wá wẹ ọmọ. Èbúté Mẹ́tta ni ìyá Folúkẹ́ ń gbé, Clement sì ti ṣèlérí pé lọ́jọ́ Jímọ̀ òun á lọ gbé Màmá tòun tẹrù. Ẹrù Màmá kì í ṣe kékeré: ibùsùn, àpò èlùbọ́, igi ìdáná, àti olórí gbogbo wọn, ìkòkò àgbo. Ìkòkò amọ̀ ńlá dúdú ni. Inú rẹ̀ ni Màmá ti se àgbo tó fi wẹ Folúkẹ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, òun náà ló fi wẹ Ọláídé, àkọ́bí wọn. Màmá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Nígbà tó ku ọ̀la, Clement gbọ́ pé ìkọ́ tuntun ti dé sí kọ́ńpìnnì.

Ibí yìí ni ojú ti máa ń tì í jù tó bá ń sọ ọ́. Ó rò ó pé, "Ìyá ìyàwó mi kọ́ ni màá gbé sínú ọkọ̀ tí ìkọ́ rẹ̀ fẹ́ já. Màá kọ́kọ́ lọ pààrọ̀ rẹ̀ láàárọ̀, kí n tó lọ gbé Màmá." Ó rò ti ìyá ìyàwó rẹ̀. Alàájì àti Owólabí, wọ́n ní ìyá tiwọn náà, àbí wọn kò ní? Kò rò ó débẹ̀.

Ó dé Àpápá láàárọ̀, ló bá rí ọkọ̀ lóríṣiríṣi tí wọ́n tò síbẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Gbogbo wọn wá pààrọ̀ ìkọ́.

Adébánjí bi í pé, "Àwọn ọ̀rẹ́ yín ńkọ́?"

"Wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn."

Ó ti wọ ọ̀sán kó tó kàn án. Ìkọ́ tuntun náà sì ń dán yanran, ẹni tó bá kọjá á rí i. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí alága ṣe? Ó yà sẹ́bàá títì, ó bu ẹrẹ̀, ó fi kun ìkọ́ náà títí ó fi rí bíi ti ọdún tó kọjá. Ó wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó gbà pé òun gbọ́n.

Ó wá kọrí sí Èbúté Mẹ́tta. Kò tíì pa iná ọkọ̀ tí obìnrin tó ń gbé yàrá kejì sí Màmá fi yọjú.

"Háà, Bọ̀dá, ẹ ti pẹ́ jù! Màmá ti lọ. Ìyàwó yín rí i pé ẹ ò dé, ló bá bẹ ọ̀rẹ́ yín tó ní ọkọ̀ bíi tiyín. A ní kí Màmá jókòó síwájú, wọ́n ní ó tì o, àwọn ò ní fi ìkòkò àwọn sílẹ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n wà. Ẹrù ló gba ibi tó kù níbẹ̀, wọ́n bá kúkú fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ara tù wọ́n dáadáa. Ọ̀rẹ́ yín tún fi ìdí gbá a kí wọ́n tó lọ, gbà!"

Clement fò padà sínú ọkọ̀, ó sì bẹ́ jáde níbẹ̀ bí ẹni tí ìbọn lé.

Òríìlẹ̀ ló ti rí wọn. FỌKÀN BALẸ̀ ń gbọ̀n níwájú rẹ̀, gèlè Màmá sì yọ lókè lẹ́tà pupa náà. Ó tẹ fèrè mọ́lẹ̀, pàáà!

Owólabí wo dígí, ó rí Clement tó ń bọ̀ kíkan-kíkan. Ẹ rántí ohun tí alága sọ lọ́jọ́ Sátidé, pé kò sí ọkọ̀ tó lè ya òun sílẹ̀. Ọjọ́ tí Owólabí ti ń retí nìyí. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó tẹ iná.

Clement ń fọn fèrè, Owólabí ń sáré. Ó tún fọn ọ́n, Owólabí tún fi kún un, ó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Fèrè yẹn ni Màmá gbọ́ tó fi yí ọrùn padà. Ó rí ọkọ ọmọ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó juwọ́. Clement yọ apá síta, ó ń fi ọwọ́ júwe pé kí Màmá sún kúrò nídìí ilẹ̀kùn. Màmá rò pé ayọ̀ ọmọ tuntun ló ń gùn ún. Ó jọ̀wọ́ irin tó dì mú, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń jù ú, ó ń mi èjìká.

"Màmá! Ilẹ̀kùn! Ẹ kúrò nídìí ilẹ̀kùn!"

Afẹ́fẹ́ gbé ìyókù lọ. Clement rí i pé bí òun bá ṣe ń juwọ́ tó ni Màmá ń jọ̀wọ́ irin tó, ló bá yáa fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ ọkọ̀ mú. Ó ń gbàdúrà sókè: "Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kó já! Tí kò bá já, lónìí yìí ni màá sọ fún wọn!" Àti pé, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, mi ò purọ́ mọ́ ọn, bó ṣe ṣe àmín tán, ọkàn rẹ̀ kan sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé: "Tí kò bá wá já rárá, Olúwa, bóyá ó tiẹ̀ lè má pọn dandan kí n sọ." Ìyá ìyàwó ń lọ sọ́run níwájú rẹ̀, ó ṣì ń dúnàádúrà!

Wọ́n kọjá lórí kòtò kékeré kan. Ilẹ̀kùn náà fò díẹ̀, ó padà. Clement ké bí ọmọdé.

Ìgbà yẹn ni làákàyè tó wọlé. Bí òun bá ṣe ń lé e ni Owólabí ń sáré. Owólabí kò ní dúró àyàfi tó bá jáwé olúborí. Gbogbo ohun tó kù láti fi gba Màmá là ni kí alága fìdí rẹmi lójú gbogbo ayé.

Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná. Ó yà sẹ́bàá títì, ó dúró, ó sì fi orí lé ọwọ́ ọkọ̀. Ó dùn ún o! Nínú ewu yẹn náà, ó ní ó dun òun.

Owólabí rí i nínú dígí. Ó dẹ eré títí ọkọ̀ fi ń rìn bí ẹni tó ń nasẹ̀. Ó yọ orí síta, ó fi gbogbo ẹnu pariwo: "Alága! Ṣé epo ló tán ni, àbí kábúrétọ̀ ni?"

Ẹnu rẹ̀ kò tíì pa dé tí táyà ẹ̀yìn fi bọ́ sí kòtò. Ìkọ́ dún kẹ́. Ilẹ̀kùn ṣí wàà. FỌKÀN BALẸ̀ dojú délẹ̀, ìkòkò yí jáde, Màmá sì tẹ̀ lé ìkòkò.

Clement sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò mọ̀ pé bàtà kan ti bọ́ lẹ́sẹ̀ òun. Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, gèlè ti wọ́ sí ìpàkọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kan bó díẹ̀. Ó wà láàyè. Àpáàdì dúdú ló yí i ká.

Màmá ní, "Ìkòkò mi."

Kò pariwo rẹ̀. Ẹ̀rí ọkàn Clement ìbá tiẹ̀ fẹ́ kó pariwo.

Owólabí ti bẹ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku, ó ń sunkún. "Màmá, ẹ pa mí! Ẹ̀bi mi ni! Mi ò gbá a dáadáa! Clement kọ́ mi títí, ìdí mi kò gbọ́n!"

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin èèyàn. Ẹlòmíì ti gba ẹ̀bi náà rù wọ̀ọ̀. Clement kò ní ju kó dákẹ́ lọ. Ó sì dákẹ́! Ó ní òun dákẹ́ lóòótọ́, òun tiẹ̀ ti ń mi orí bí ẹni tó ń dárí jì í.

Màmá wo Owólabí. Ó wo ọkọ ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Ọláídé."

"Màmá."

"Láti Òríìlẹ̀ lo ti ń ké pé ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ìyẹn. Ilẹ̀kùn ò sì tíì ṣí nígbà náà. Ta ló sọ fún ọ?"

Ẹkún dá lẹ́nu Owólabí. Ó gbé orí sókè nínú eruku. Ó dìde, ó rìn lọ sídìí ọkọ̀ Clement. Ó wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó fi àtàǹpàkò ha ẹrẹ̀ ara ìkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, irin tuntun sì tàn sí i lójú.

"Clement," ni Owólabí wí, "níbo lo ti rí èyí?"

Àwọn èèyàn ti ń pé jọ. Clement wo Màmá, ó wo àpáàdì, kò rí irọ́ kankan tó máa gbà á. Ó dọ̀bálẹ̀ síbi tí Owólabí dìde kúrò, ibẹ̀ ṣì lọ́ wọ́rọ́. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́wọ́: ọ̀rọ̀ Adébánjí, ẹ gbà pé wọ́n ti gbọ́, oyè alága, mílíìkì Alàájì, ẹrẹ̀.

"Ìdí tí ò ń kọ́ wa láti gbá ńkọ́?" ni Owólabí bi í.

"Òun ló tètè là á."

Obìnrin kan láàárín èrò ní, "Yéè! Ìkà rèé o!" Owólabí ká apá aṣọ, ó fẹ́ lù ú. Clement kò sá. Ó ní ká ní ó lu òun ni, ara ìbá tu òun.

Màmá ní, "Má lù ú. Bó bá jẹ ẹgba, á ní òun ti san án. Ẹ gbé mi dìde. Mo fẹ́ lọ rí ọmọ mi." Bí wọ́n ṣe gbé e dìde, ó tún yíjú padà. "Bàbá Ọláídé, wàá lọ sọ fún Alàájì kó o tó wọlé. Tó bá di ọ̀la, kí ọkọ̀ méjèèjì lọ síbi tí wọ́n ti ń tún un ṣe. Ìwọ ni wàá jókòó síbi tí mo jókòó sí."

Ó lọ bá Alàájì ní ṣọ́ọ̀bù. Alàájì gbọ́ ọ tán, kò bínú bí Clement ṣe rò. Ó ní, "Clement, gbogbo àárọ̀ ni mò ń fi ìdí lu ọkọ̀ lójú àwọn ọmọ mi. O wà lójú fèrèsé, ò ń wò mí." Ọ̀rọ̀ yìí ló ṣì máa ń pa ẹ̀rín mọ́ Clement lẹ́nu tó bá dé ibẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi okùn so ilẹ̀kùn ọkọ̀ Owólabí. Màmá ní okùn nìkan kò tó, ó mú ọ̀já tó fẹ́ fi máa pọn ọmọ tuntun, ó fi dì í lé e. Clement gun ẹ̀yìn ọkọ̀, ó fẹ̀yìn ti FỌKÀN BALẸ̀, ó di irin mú lọ́tùn-ún lósì. Alàájì gbé tiẹ̀ tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn pẹ́kípẹ́kí, ó ń fọn fèrè. Àwọn ará àdúgbò jáde.

"Alága! Níbo lẹ̀ ń lọ níbẹ̀ yẹn?"

Clement dáhùn pé, "Kọ́ńpìnnì ló ní kí wọ́n dá mi padà. Wọ́n ní mo ní àléébù."

Màmá wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Owólabí. Ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí ìkọ́ tó pa ìkòkò òun. Wọ́n jáde sí títì ńlá, Owólabí sì tẹ iná. Afẹ́fẹ́ gbá Clement lójú. Ọ̀já ń dún wíìn lẹ́yìn rẹ̀, irin ń mì, gbogbo kòtò tó wà láàárín Mile Two sí Òríìlẹ̀ ló fi ìdí mọ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ìgbà yẹn ló wá mọ bó ṣe rí fún ìyá arúgbó.

Wọ́n dé ibi tí ìkòkò ti fọ́. Àpáàdì díẹ̀ ṣì wà lẹ́bàá títì. Màmá yí ọrùn padà, ó wo ọkọ ọmọ rẹ̀ láti inú gíláàsì ẹ̀yìn. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń jù ú sí i, ó ń mi èjìká.

Clement fẹ́ juwọ́ padà. Kò tó bẹ́ẹ̀ láti jọ̀wọ́ irin.